Ẹ má tíì tú ẹ́ńjìnnì yẹn: àṣìṣe nípa kọ̀mpùréṣọ̀n ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan gbé Honda Accord "End of Discussion" wá bá mi. Ó ń gbọ̀n tó bá dúró sójú kan, kò sì lágbára láti gun òkè. Wọ́n ti ní kọ̀mpùréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà, ti lọ, ó sì ti ra ẹ́ńjìnnì Belgium sílẹ̀. Mo bi í pé èló ni géèjì tí a fi ń wọn kọ̀mpùréṣọ̀n kà. Kò sẹ́ni tó fi géèjì wọ̀n ọ́n! Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi èéfín dájọ́. Síìlì tó ń dí ọ́ìlì lára fáàfù (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín sìlíńdà), tó bá ti gbó, lè mú èéfín búlúù jáde, kí kọ̀mpùréṣọ̀n sì pé.

Ìkejì, ẹ má wọn ẹ́ńjìnnì tó tutù.

Ìkẹta ló ń bí mi nínú jù: wíwọ̀n láì tẹ tọ́rọ́tù, pẹ́dà tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kò rí fà, kí ni yóò fún pọ̀? Gbogbo sìlíńdà ni yóò kà kékeré, ẹ ó wá máa pariwo pé ríìngì tó yí písítìnì ká ti jẹ. Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ yọ fíùsì pọ́ǹpù epo, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, kí bátìrì kún. Kí ẹnì kan tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa sítáàtì rẹ̀ títí ọwọ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Èmi náà ṣe àṣìṣe yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù. Mo wọn Corolla bàbá onítakisí kan láì tẹ tọ́rọ́tù, bátìrì sì ti ń kú. Sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà bíi 90 psi (ìwọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́). Mo tú u, mo pààrọ̀ ríìngì, mo dè é padà, ó tún kà 90. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá yẹn kò fi rí ọkọ̀ gbé jáde. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún wọn. Owó ríìngì àti gásíkẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀ ni mo san án tán.

Ẹ fi sìlíńdà wé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù máa ń kà láàárín 150 sí 200 psi, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń sọ̀rọ̀ jù. Bí méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bá lọ sílẹ̀, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo wọn bá lọ sílẹ̀ bákan náà, ẹ wo ṣéènì tàbí bẹ́líìtì táímìn kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kékeré kan sínú sìlíńdà tó kà kékeré, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè dáadáa, ríìngì ni tàbí ara sìlíńdà tó ti jẹ. Bí kò bá mira, ẹ wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù yóò tàn yín jẹ.

Oògùn inú agolo kò lè tún fáàfù tó ti jó ṣe.

Accord yẹn ńkọ́? Sìlíńdà mẹ́ta kà bíi 170, sìlíńdà kẹta nìkan ló kà 110. Ọ́ìlì kò yí i padà. A gbé písítìnì rẹ̀ sókè pátápátá, fáàfù rẹ̀ dé, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i: ẹnu sàlẹ́ńsà ni afẹ́fẹ́ náà ti ń jáde. Àyè tó yẹ kó wà lórí fáàfù tó ń tú èéfín síbẹ̀ ti fún, kò jẹ́ kó dé dáadáa. A jẹ́ kó tutù di àárọ̀, a tú síkúrúù rẹ̀, a ṣètò àyè náà. Ó gòkè dé 160. Ẹ́ńjìnnì Belgium náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó tà á kò gbà á padà.