Bí Mo Ṣe Ṣírò Agbára Màlúù Ìtúlẹ̀ Méjì ní Funtua

Ọdún tí mo fi ṣe àgùnbánirọ̀ ní Funtua, ní Ìpínlẹ̀ Katsina, ni mo kọ́kọ́ rí màlúù lẹ́nu iṣẹ́ oko, nítorí pé àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó bá ẹran kò jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Bàbá tí mo wọ̀ sílé rẹ̀ ní akọ màlúù Bunaji (irú màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń sìn) méjì tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á lè kọ ebè sí àkùrọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sí ilẹ̀ oníyanrìn.

Kò sí òṣùwọ̀n tí ó lè gbé màlúù, nítorí náà téèpù aránṣọ ni mo lò. Mo fi yí àyà ẹran po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, mo wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí, mo wá ṣírò iye àyíká àyà lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà gígùn, kí n tó fi 10,840 pín in. Sẹ̀ǹtímítà 165 àti 140 sọ fún mi pé èkíní tó kílò 352. Èkejì, tí ó jẹ́ 160 àti 136, tó kílò 321. Màlúù tí yóò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú lè máa fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Kílò 67 ni ti àwọn méjèèjì, bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, lórí ilẹ̀ oníyanrìn, ni mo so òṣùwọ̀n onísípíríǹgì mọ́ àárín ṣéènì àjàgà àti ohun ìtúlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní garma. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ já a, ọwọ́ òṣùwọ̀n fò dé 150, ó sì kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìfà ojú ẹsẹ̀ lásán ni ìyẹn, ẹran kankan kò lè bá a dé ọ̀sán. Mo bá ń wo ọwọ́ náà ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ kílò 78. Ṣéènì dagun ní nǹkan bí dígírì 20, apá ìfà tí ó lọ síwájú nìkan ni mo sì fẹ́ kà, nítorí náà mo sọ iye yẹn lọ́nà 0.94, ó ku 73. Wọ́n rin mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá 68. Láti inú ìfà àti ìyára yìí, agbára wọn jẹ́ nǹkan bí wáàtì 529, èyí tí ó tó 0.7 agbára ẹṣin, nítorí wáàtì 746 ni agbára ẹṣin kan. Bí ebè bá fi sẹ̀ǹtímítà 90 jìnnà síra, ìrìn hẹ́kítà kan ju kílómítà 11 lọ, ó sì lé ní wákàtí mẹ́rin láìka ìyípadà àti ìsinmi.

Ní àkùrọ̀, amọ̀ rẹ̀ ṣì le, ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró ní 110. Iye yẹn ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn lọ. Poro kẹta ni èkejì yọ ahọ́n, tí ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, Bàbá fúnra rẹ̀ sì tú àjàgà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Poroporo nìkan ni wọ́n ti ń jẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá ní kí a dúró de òjò kí amọ̀ rọ̀, kí a máa fún wọn ní koríko ẹ̀pà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n sì tún padà wá fi téèpù wọn àyà wọn.