Bí Ẹ Ṣe Lè Dáwó Kọ́ Ilé fún Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Òwò ní Yunifásítì Yín

Iṣẹ́ mi ni kí n ṣírò iye tí ilé máa náni kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èmi náà ni akápò sẹ́ẹ̀tì wa nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde. Torí náà, tí sẹ́ẹ̀tì mìíràn bá ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má tíì dá ọjọ́ ìfìpìlẹ̀lélẹ̀. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí ìpìlẹ̀ tí igbó ti bò mọ́lẹ̀, tí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn èèyàn ńlá sí sì ṣì ń dán níwájú rẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà yunifásítì ná, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ilé kíkọ́ nínú ọgbà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò gan-an: ṣé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí ọ́fíìsì olùkọ́, àbí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá ṣe MBA, oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ òwò, ní òpin ọ̀sẹ̀ á ti máa jókòó? Tó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba, ẹ béèrè bóyá TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, ti fọwọ́ sí irú ilé kan náà. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe, kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá àgbà kò tó, torí ọdún márùn-ún péré lòfin fún un ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá sì gbapò lẹ́yìn rẹ̀ lè ní òun ò mọ nǹkan kan sí i. Kí àdéhùn yẹn sọ ibi tí ilẹ̀ wà, ẹni tó máa yan agbaṣẹ́ṣe, orúkọ tí ilé máa jẹ́, ẹni tó máa sanwó iná, àti ẹni tó máa tún òrùlé ṣe tó bá jò.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣírò. Búlọ́ọ̀kù àti òrùlé nìkan kọ́ ló ń jẹ́ ilé o. Àyẹ̀wò ilẹ̀, tiránsífọ́mà, kànga ẹ̀rọ, àga, fáànù, ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ á gbà gòkè, gbogbo rẹ̀ ló ń gbowó. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé e, torí iye tí ẹ ra sìmẹ́ǹtì lónìí kọ́ lẹ máa rà á tó bá yá.

Kí ẹ tó gba àwòrán ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ní OAU, Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó ya àwòrán ọgbà náà, jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ nínú àwọn ilé kan, kí òkè lè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀. Oòrùn kì í ràn wọlé tààrà, òjò kì í sì í fẹ́ gba ojú fèrèsé. Ní UI, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ihò sí ara ògiri ìta kí atẹ́gùn lè rí ibẹ̀ gbà. Ẹ dúró nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé yìí ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta, ẹ̀yin náà á rí i. Ẹ wá fi wé ilé onígíláàsì tí àwọn ayàwòrán ń gbé wá nísinsìnyí, tí a kò lè jókòó sí láìtan ẹ̀rọ amúlétutù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí iná wà lọ́dọ̀ wọn fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, fò láti ₦68 sí ₦225 fún kilowatt-hour kan. Ọjọ́ tí yunifásítì kò bá rówó iná san, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ilé yín sílẹ̀ lọ jókòó sábẹ́ igi.

Tó bá kan owó, ọ̀dọ̀ àwọn díẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, láìpariwo. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá wọn gbé yàrá kan náà ní họ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni kó ṣáájú yín lọ. Òun nìkan ló lè fi orúkọ ìnagijẹ ìgbà náà pè é, kí ẹ̀yin àbúrò tó kúnlẹ̀ kí i. Ẹ má dárúkọ owó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tẹ́ àwòrán sórí tábìlì, kí ẹ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, a ní kí ẹ bá wa wò ó,” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan l'Ékòó mú bírò, ó fi ìlà yí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ká, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, mẹ́ta péré? Ṣé ẹ mọ iye obìnrin tó wà ní kíláàsì báyìí?” Látìgbà yẹn ló ti ń pè é ní ilé wa. Ìgbà tí a padà lọ la tó sọ̀rọ̀ owó. Ìgbà tí ohun tó ju ìdajì lọ bá ti wọlé ni kí ẹ tó kéde fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ lè tú ẹgbẹ́ ká. Ní 2004, Stephen Ross fún Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti kàwé jáde, ní 100 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ òwò wọn. Kò burú. Àmọ́ ní Wisconsin, Amẹ́ríkà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde 13 para pọ̀ dá 85 mílíọ̀nù dọ́là ní 2007, wọ́n ní kí wọ́n má fi orúkọ ẹnikẹ́ni pe ilé-ẹ̀kọ́ òwò ibẹ̀ fún ó kéré tán ogún ọdún. Èyí ló bá àwa tí à ń dá owó jọ mu jù lọ. Ẹ fi orúkọ àwọn tó dá owó ńlá sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn yòókù, ẹ tò ó sára ògiri ní ABD, láìkọ iye tí wọ́n dá. Ó yẹ kí orúkọ tíṣà tó yọ ₦5,000 nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá báǹkì.

Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àkáǹtì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan. Kí èèyàn méjì máa buwọ́ lu ìwé owó, kí akápò sì fi ìwé báǹkì sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kódà tí owó kankan kò bá wọlé. Àwọn tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń san owó orí níbẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ dáwó, torí Gift Aid, ètò tí ìjọba ibẹ̀ fi ń dá owó orí padà sórí ọrẹ, máa fi pẹ́ńsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ti Amẹ́ríkà náà gba ọ̀dọ̀ àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n lè rí ẹ̀dínwó owó orí gbà.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹnjiníà lè bá yín bójú tó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún un. Ẹ má san owó fún agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n wọn ohun tó ti ṣe, kí ẹ sanwó ìyẹn nìkan. Ẹ ya owó ìtọ́jú ilé sọ́tọ̀ kí òrùlé tó lọ sókè. Tí ẹ bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ gba àwòrán ibi tí páìpù omi àti wáyà iná gbà lóòótọ́, kí ẹ fún ẹ̀ka ilé kíkọ́ ní ẹ̀dà kan. Ẹ mú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó agbaṣẹ́ṣe dání títí òjò ọdún kan gbáko á fi rọ̀ sórí ilé náà, kí ẹ tún wọ gbogbo yàrá wò, kí ẹ tó san án.