Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Òfin Tó Ní Igbó Mímu Kò Mú Ẹ̀wọ̀n Wá Mọ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi nítorí igbó kọ ìwé, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ṣe. Bí ìjọba kan bá kéde pé òun kò ní máa ju amugbó sẹ́wọ̀n mọ́, inú mi máa ń dùn gan-an. Síbẹ̀, mo máa ń ka òfin náà kí n tó bá wọn yọ̀.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nígbà tí òfin Pọ́túgà bẹ̀rẹ̀ ní 2001, gíráàmù 25 ewé igbó ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ẹni tí ọlọ́pàá bá ká ìwọ̀n tí kò ju ìyẹn lọ mọ́ lọ́wọ́ kò ní lọ síwájú adájọ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló máa jókòó tì í, tí wọ́n á wádìí bóyá ó ti di bárakú fún un. Wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì lè júwe ibi ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbìn ín àti ẹni tó tà á ṣì ń fojú ba ilé ẹjọ́.

Ẹ wá bi ara yín pé: níbo ni amugbó yóò ti rà á? Ní Netherlands, láti 1976 ni wọ́n ti ń gbójú fo ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń tà á ní gbangba, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tí òfin gbà láyè láti gbìn ín fún ṣọ́ọ̀bù. Owó ńlá bá ń wọ àpò àwọn tó ń gbìn ín ní bòókẹ́lẹ́. Lójú tèmi, òfin tó bá dákẹ́ lórí ẹni tó ń gbìn ín kò tíì parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ìdálẹ́bi àtijọ́ ló ká mi lára jù. Kánádà gba àgbàlagbà láyè láti ra igbó ní oṣù Kẹwàá 2018, síbẹ̀ ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá kò pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí igbó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tọrọ ìdáríjì láìsan owó fọ́ọ̀mù. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé, òun ló máa lọ tẹ̀ka, òun ló sì máa sanwó ìtẹ̀ka. Ẹni tí kò rówó jẹun, ibo ló ti fẹ́ rí i?

Wíwakọ̀ lẹ́yìn téèyàn mu ún, títà á fún ọmọdé, gbígbé e kọjá ẹnubodè: ọ̀ràn ṣì ni ní gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí.

Bí ẹ bá lẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ bá a wá nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé ìdájọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ má dúró dìgbà tí òfin bá jáde.