Bí ẹ ṣe lè fi omi rí shock wave lára apá bàálù, kí ẹ sì fi iké tù ú lójú

Bí bàálù bá ń sáré tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá eré ìró, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí apá rẹ̀ kọjá máa ń yára ju ìró lọ, á sì tún já eré sílẹ̀ lójijì. Ibi tó ti já a sílẹ̀ ni shock wave wà, òun náà sì wà lára ohun tó ń mú kí bàálù jẹ epo sí i. Iké, ìyẹn ibi kékeré tó yọ sókè lára apá, lè mú kó fẹ́lẹ́. Omi tí kò jìn máa ń ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo odò Ọ̀ṣun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tó ti ń sá lórí òkúta, ti rí ìlà tí omi ti ń ga sókè lójijì.

Ẹ ra dígí mítà 1.2 sí sẹ̀ǹtímítà 60 ní Òṣogbo, ẹ fi pátákó yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ fi sílíkónì dí i. Bébà funfun á wà lábẹ́, iná alágbèéká á wà lókè. Omi lítà 3.6 ló máa ga 5 mm. Ní ìwọ̀n yẹn, ìgbì ń rìn nǹkan bíi 22 cm ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ yá spirit level lọ́wọ́ bíríkìlà: bí orí kan bá jẹ́ 4 mm, tí ìkejì jẹ́ 6, ìgbì á máa rìn 20 níbìkan, 24 níbòmíì, gbogbo ìwọ̀n yín á sì dàrú.

Ẹ gbẹ́ pátákó bí apá bàálù: gígùn 12 cm, sísanra 1.2, gíga 3. Bó bá sanra jù, omi ò ní ráyè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ kùn ún ní fáníìṣì, torí igi máa ń wú nínú omi. Ní 6, 7 àti 8 cm sí imú, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró tí wáyà sípóòkù kẹ̀kẹ́ á rì sí pátápátá lóòró, kí bóòtù M4 gba ẹ̀yìn wá tì í síta láti di iké. Láìsí wáyà yìí, ojú kan ṣoṣo ni bóòtù máa ń wú, ibi tí omi dé kò sì ní yí padà rárá. Ẹ fi fíìmù X-ray àtijọ́ bò ó. Imú fíìmù nìkan ni kí ẹ lẹ̀. Ẹ fi rọ́bà dè ìdí rẹ̀ lókè omi. Ẹni tó bá lẹ ìdí náà mọ́ igi máa yí bóòtù títí, iké kò ní yọ.

Ẹ ṣí metronome fóònù (áàpù tó ń lu ìlù déédéé) sí ìlù 55 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa fa apá náà 20 cm fún ìlù kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó gbọọrọ, kí ẹnìkan máa ká fídíò. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má gbé iké kankan sókè; ẹ sàmì ibi tí ìlà dúró. Ẹ wá yí bóòtù tó sún mọ́ ọn jù ní ìyípo kan ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi 1 mm. Ohun tí ẹ ń wá ni kí ẹsẹ̀ ìlà náà là sí méjì bí igi kànnàkànnà, kó sì fẹ́lẹ́.

Ẹ dín ìlù kù sí 52: ìlà máa sún sí imú, iké tí ẹ ti gbé tẹ́lẹ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, á lè bí ìlà kejì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iké tí kò lè sún fi dára fún eré kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ti 7 cm ni ẹ ti gbé, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ gbé ti 6 sókè. Láàárín ìgbà méjì, ẹ jẹ́ kí omi sinmi dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ọṣẹ kàn án.

Ìrísí ìlà ni ẹ lè gbé lọ sọ́dọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ sínú omi: omi ń ṣe bíi gáàsì tí ìpín ooru rẹ̀ (ooru tó ń gbà bí a bá jẹ́ kó fẹ̀, tí a pín sí èyí tó ń gbà bí a ò bá jẹ́ kó fẹ̀) jẹ́ 2, ti afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 1.4.