Kuku Sabzi: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹyin Eléwébẹ̀ Àwọn Ará Iran

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kuku sabzi nínú àwo lè rò pé ewédú ni wọ́n pò mọ́ kéèkì. Àwọ̀ ewé ni látòkè délẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ló dúdú díẹ̀ níbi tí iná ti tọ́ ọ wò. Tí ẹ bá gé e, ewé lẹ ó kọ́kọ́ rí kẹ́ ẹ tó rí ẹyin. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Lédè Páṣíà, ewébẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "sabzi". "Kuku" sì ni ẹyin tí wọ́n po nǹkan mọ́, kí wọ́n tó dín in tàbí kí wọ́n yan án (kì í ṣe "kúkú" tiwa, ti "mi ò kúkú bínú"). Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń fi pòtétò ṣe, wọ́n ní ti ìgbá, àmọ́ eléwébẹ̀ yìí lolórí wọn.

Kò sígbà tí wọn kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n Nowruz ni àsìkò rẹ̀ gan-an. Ọdún tuntun àwọn ará Iran nìyẹn, ó sì sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ 20 tàbí 21 oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba. Ìrẹsì eléwébẹ̀ àti ẹja ló máa ń bá a jókòó lórí tábìlì. Ewé tútù dúró fún ilẹ̀ tó ń sọjí lẹ́yìn òtútù, ẹyin sì dúró fún ọmọ bíbí.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá kò pọ̀: ẹyin 6, parsley ìdì 2, coriander ìdì 2, dill ìdì 1, àti àlùbọ́sà eléwé bí ìdì 1. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní tareh ni wọ́n ń lò ní Iran níbi tí mo fi àlùbọ́sà eléwé sí yẹn, ṣùgbọ́n ibi ewé àlùbọ́sà tiwa náà ṣiṣẹ́. Ẹ fi ewé fenugreek gbígbẹ ṣíbí kékeré 1 kún un, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, torí ó ń korò. Iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, baking powder ṣíbí kékeré 1, atalẹ̀ pupa àti ata dúdú lílọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, fúláwà ṣíbí ńlá 1, òróró ṣíbí ńlá 4.

Walnut bí ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe àsálà tí à ń sè jẹ o! Èyí tí èèpo rẹ̀ le bí egungun, tí inú rẹ̀ ká kò bí ọpọlọ, ni mò ń wí. Èyí tó kù ni zereshk, èso pupa wẹ́wẹ́ gbígbẹ tó kan gógó. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Iran lẹ ti máa rí i. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹfinrin rọ́pò ewé kankan níbẹ̀, òun nìkan ni ẹnu máa gbọ́.

Iṣẹ́ gidi wà nínú ewé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, bí ẹní fẹ́ ro ẹ̀fọ́ ni mo ṣe: mo ṣan ewé, mo gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tó jinná, omi ti sun sísàlẹ̀ páànù, ohun tí mo gbé jáde dà bíi kànrìnkàn tó mumi yó. Látìgbà náà, láti àná ni mo ti ń ṣan ewé mi. Mo máa ń tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì mímọ́, màá ká a róbótó, màá jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kó tó kan ọ̀bẹ, màá fi ọwọ́ fún ìdì kan. Bí àtẹ́lẹwọ́ mi bá tutù, kò tíì yá.

Ẹ yọ igi tó le kúrò, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìyókù wẹ́wẹ́. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìlọta, omi ló máa dà. Ó máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú 30, òkìtì ewé tó kún pátákó á sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí á fi ku kọ́ọ̀pù bíi 4 tàbí 5.

Ẹ tan ààrò tẹ́ ẹ fi ń yan kéèkì sí ìwọ̀n 180 ti Celsius. Ẹ da òróró ṣíbí ńlá 3 sínú páànù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23, kẹ́ ẹ gbé e sínú ààrò fún ìṣẹ́jú 5 kí òróró gbóná. Òun ló ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan. Láàárín ìyẹn, ẹ rẹ zereshk ṣíbí ńlá 2 sínú omi tútù, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ lu ẹyin díẹ̀, kó má hó. Ẹ po iyọ̀, atalẹ̀, ata, fúláwà àti baking powder mọ́ ọn. Ẹ wá da ewé, walnut tẹ́ ẹ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, zereshk àti òróró tó kù sí i. Ẹ máa wò ó pé ewé ti pọ̀ ju ẹyin lọ. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó pọ̀. Ẹyin kàn wà níbẹ̀ láti di ewé mú ni.

Bẹ́ ẹ bá dà á sínú òróró gbígbóná yẹn, ẹ máa gbọ́ ṣàà! Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ gbé e padà sínú ààrò fún ìṣẹ́jú bíi 25. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀, bó bá jáde láìlẹ̀ mọ́ ẹyin tútù, ó ti jinná. Ẹlòmíràn máa ń dín in lórí iná díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí, kó tó gé e sí mẹ́rin kó yí i padà. Ìyẹn dára, àmọ́ ọwọ́ mi kò gbé yíyí i padà, ààrò ni mò ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó gé e, torí tó bá ṣì gbóná jù, ńṣe ló máa rún. Yógọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ ní Iran. Èyí tó bá kù nínú fíríìjì, mo ń fi sáàárín búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì láìgbóná. Ó sì máa ń dùn mọ́ mi ju ti àná lọ.