Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́rì nílùú ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege Class 2 (láísẹ́ǹsì lọ́rì ńlá tí ara ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan) tàbí Class 1 (ti lọ́rì tó ń fa tírélà), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìrírí ọdún méjì táwọn agency tó ń bá awakọ̀ wáṣẹ́ ń béèrè lé yín sá, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé káàdì CPC (ẹ̀rí pé ẹ kúnjú ìwọ̀n láti máa fi lọ́rì ṣiṣẹ́ ṣe) àti káàdì tákò (tó ń ṣàkọsílẹ̀ wákàtí tẹ́ ẹ fi ń wakọ̀) ti wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí yáàdì àwọn kọ́ńpìnnì kéékèèké, kì í ṣe ìdájí o, ìgbà yẹn ni wọ́n ń kó lọ́rì jáde tọ́wọ́ wọn dí, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ béèrè máníjà transport, kẹ́ ẹ ní kó wá fojú ara ẹ̀ wo bẹ́ ẹ ṣe ń wakọ̀. Lọ́rì tó ń kó ìdọ̀tí fún council náà dáa gan-an láti fi bẹ̀rẹ̀, ó máa kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa wakọ̀ ní títì tóóró. Tó bá ti di September, ẹ tẹra mọ́ iṣẹ́ wíwá, ẹrù Kérésì ti ń bọ̀ nìyẹn.