Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Gba Kóòdù Orísun Kernel Linux

Ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Agric, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lo Linux lórí laptop tòkunbọ̀ ń pọ̀ sí i, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kì í pẹ́ tí ẹni tí ó ń lo Linux fi ń gbọ́ pé kernel, ìyẹn apá tí ó ń bá ẹ̀rọ gan-an sọ̀rọ̀, tí ó sì ń pín mẹ́mórì àti àkókò iṣẹ́ fún gbogbo ohun yòókù, jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1991 tí Linus Torvalds ti gbé e jáde nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ni kóòdù orísun rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí àwọn tí ó ṣe é fọwọ́ kọ, ti wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá wọ wàhálà, wọn kò tíì ka ìlà kan nínú kóòdù náà tí wàhálà fi bá wọn: ibi tí wọ́n ti gbà á, ibi tí wọ́n tú u sí, àti bí wọ́n ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ láìfi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀ ni ó ń dá wọn lágara.

Ẹ má ṣe wá kóòdù orísun nígbà tí ó jẹ́ pé headers lásán ni ẹ nílò

Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ni ó sì ń jẹ dátà jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé laptop wá sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gáréèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n lọ gba kóòdù orísun kernel kí Wi-Fi mi lè ṣiṣẹ́, dátà mi sì ti ń tán lọ." Onítúnṣe náà kò tíì ṣí laptop náà tí ó fi bi í pé, "Àbúrò, ṣé kernel lo fẹ́ yí padà ni, àbí dráífà lo fẹ́ fi sí i?" Dráífà ni, ìyẹn kóòdù tí ó ń jẹ́ kí kernel lè lo ohun èlò kan bíi Wi-Fi. Kí dráífà tí ó wá láti ìta tó lè bá kernel mu, headers ni ó máa ń béèrè, ìyẹn àwọn fáìlì kéékèèké tí ó ń ṣàlàyé bí kernel tí ó wà lórí ẹ̀rọ ṣe rí. Lórí Ubuntu tàbí Debian, àṣẹ kan ṣoṣo ni (sudo ń fún un ní agbára alábòójútó, apt sì ń gbé ohun tí ẹ fẹ́ wọlé): sudo apt install linux-headers-$(uname -r). Apá tí ó wà nínú àkámọ́ yẹn ni ó ń fún apt ní nọ́ńbà kernel tí ẹ ń lò lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi nọ́ńbà tí ẹ rí níbòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí Wi-Fi bá jí lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ti parí, ẹ kò nílò ìyókù ọ̀rọ̀ yìí àfi tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n fún ìmọ̀.

Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò lè yẹ̀ wò

Àwọn kan a máa gba kóòdù kernel láti inú fláàṣì ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn a máa gbà á nínú ẹgbẹ́ Telegram, nítorí pé wọn kò fẹ́ ná dátà. Mo mọ bí dátà ṣe wọ́n tó, ṣùgbọ́n kernel ni ó ní agbára lórí ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà, títí dé orí ọ̀rọ̀ aṣínà ilé ìfowópamọ́ tí ẹ ń tẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ti fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀ ti gba gbogbo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ yín. kernel.org ni orírun rẹ̀. Fáìlì tí a dì, irú èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ linux-6.12.tar.xz, kò tó 150 MB, ó sì rọrùn láti bá gbígbà rẹ̀ lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójú ọ̀nà, bí ẹ bá ti lo àṣẹ ìgbàsílẹ̀ wget -c. Git, ohun èlò tí wọ́n fi ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, ni ó ń jẹ dátà: bí ẹ bá kàn tẹ git clone, gbogbo ìtàn kóòdù náà láti ọdún 2005 ni yóò máa wọlé, gígábáìtì lórí gígábáìtì, kí ẹ tó rí ohun tí ẹ fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé git ni ẹ gbọ́dọ̀ lò, ẹ fi --depth 1 kún un, kí ó lè mú ẹ̀dà ìkẹyìn nìkan wá.

Fífi ojú fo ìbuwọ́lùwé jẹ́ àṣìṣe tí ó ti di bárakú. Fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sign máa ń bá ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan rìn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn pé ohun tí ó dé ọwọ́ yín ni ohun tí Linus Torvalds tàbí Greg Kroah-Hartman, tí ó ń bójú tó àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti gbé jáde, buwọ́ lù. Ibi tí olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà ni pé fáìlì .tar ni wọ́n buwọ́ lù, wọn kò buwọ́ lu .tar.xz, nítorí náà ẹni tí ó bá fi gpg, ohun èlò tí a fi ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò, yẹ .xz wò yóò rí BAD signature, àyà rẹ̀ yóò sì já lásán. Ẹ kọ́kọ́ fi unxz tú u, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá tẹ gpg2 --verify linux-6.12.tar.sign, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ àwọn tí ó buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí kernel.org ṣe ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni Good signature. Bí gpg bá fi kún un pé kò sí ẹni tí ó jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́dọ̀ yín, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé fáìlì náà bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sì rò pé àṣejù ni gbogbo èyí, kí ó rántí pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n ṣàwárí pé àwọn ọ̀daràn ti wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà kernel.org fúnra rẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ti ẹ̀dà tí ó yẹ kí ẹ mú, ẹ má ṣe mú mainline, ìyẹn èyí tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ni ó ga jù. Èyí tí wọ́n kọ longterm sí lára, tí wọ́n ń tún ṣe fún ọdún púpọ̀, irú 6.6 tàbí 6.12, ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà kernel yín láàrin àwọn longterm. Bí àpẹẹrẹ, Ubuntu 24.04 jáde pẹ̀lú 6.8, èyí tí kì í ṣe longterm lọ́dọ̀ kernel.org rárá, àwọn tí ó ṣe Ubuntu ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ má ṣe tú u síbikíbi

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ṣẹ̀dá fódà kan, tí ó pè é ní "Ise Mi", tí ó sì tú kóòdù náà sínú rẹ̀. Ó tẹ make, àṣẹ tí ó ń kọ́ńpáìlì kóòdù náà, ìyẹn tí ó ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, ó sì rí ìlà kan tí ó sọ pé source directory cannot contain spaces or colons. Ààyè tí ó wà láàrin Ise àti Mi ni ó dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kí ó kọ ọ́ ní Ise_Mi, ó parí.

Ti fláàṣì le ju ìyẹn lọ. Nítorí pé àyè kò pọ̀ lórí laptop wọn, àwọn kan a máa tú kóòdù náà sórí fláàṣì tàbí sórí apá tí Windows ń lò. Nínú kóòdù kernel, àwọn fáìlì wà tí orúkọ wọn jọra àyàfi ní ti lẹ́tà ńlá àti kékeré, irú xt_CONNMARK.h àti xt_connmark.h. Níbi tí lẹ́tà ńlá àti kékeré bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìkejì yóò bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún yín. Ó di ìgbà tí kọ́ńpáìlì bá kọ̀ ní àárín ọ̀nà kí ẹ tó mọ̀, àṣìṣe tí yóò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà kò ní jọ mọ́ fláàṣì rárá. Fódà tiyín ní inú /home, lórí ext4, ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, ni kí ẹ tú u sí. Ẹ má ṣe lọ sí /usr/src, ẹ má sì ṣe fi sudo ṣe kọ́ńpáìlì. Ìgbà tí ẹ bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ nìkan ni sudo wúlò.

Laptop tòkunbọ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bátìrì kékeré tí ó ń tọ́jú aago ti kú nínú ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà nígbàkigbà tí ẹ bá tàn wọ́n, ọdún tí ó ti pẹ́ ni wọn yóò máa kà. Bí ọjọ́ kò bá tọ̀nà, wget lè kọ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí kernel.org, make náà yóò sì máa pariwo Clock skew detected, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ fáìlì tí ó yẹ kí ó tún ṣe. Ẹ tún aago ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣètò àti iná

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣètò láti òfo. Menuconfig, àkójọ tí a ti ń yan ohun tí yóò wà nínú kernel, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè, kò sì sí olùbẹ̀rẹ̀ tí ó mọ ìdáhùn wọn. Ẹ da ti kernel tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kọ sínú .config, fáìlì ìṣètò náà: cp /boot/config-$(uname -r) .config, lẹ́yìn náà make olddefconfig, tí yóò bá yín dáhùn àwọn ìbéèrè tuntun. Lórí Ubuntu, èyí máa ń mú ìdènà kan wá, tí make yóò fi sọ pé òun kò rí debian/canonical-certs.pem. Kọ́kọ́rọ́ àwọn tí ó ṣe Ubuntu ni ó ń wá, èyí tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ lo scripts/config --set-str SYSTEM_TRUSTED_KEYS "" kí ẹ sì ṣe bákan náà fún SYSTEM_REVOCATION_KEYS.

Àṣẹ kan wà tí ó ń jẹ́ make localmodconfig, tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn nítorí pé ó ń dín iṣẹ́ kù gidigidi. Àwọn dráífà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò yẹn nìkan ni ó ń mú. Bí módẹ̀ẹ̀mù tí ẹ fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí lára laptop nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kernel tuntun kò ní mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ so gbogbo ohun tí ẹ ń lò mọ́ ọn ná, títí dé fláàṣì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí wọ́n kọ́ láti lè pèsè megawatt 1,320, wà ní Ìkòròdú wa níbí, síbẹ̀ ẹni tí ó ń kọ́ńpáìlì kernel ní Ìkòròdú kò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé iná. Lórí laptop àtijọ́, iṣẹ́ náà lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, ẹ má ṣe pa fódà náà rẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Make mọ ibi tí ó dé, yóò sì tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Bí ó bá ṣàròyé nípa fáìlì .o kan (àbájáde kọ́ńpáìlì) tí kò pé, ẹ pa ẹyọ fáìlì yẹn rẹ́, kí ẹ sì tún tẹ make. Ẹ má ṣe tẹ make mrproper nínú ìbínú, nítorí pé ó máa ń pa .config yín rẹ́ pẹ̀lú; make clean kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́mórì bá kéré, ẹ lo make -j2 dípò -j$(nproc), kí iṣẹ́ méjì péré máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì pa ìsọfúnni àyẹ̀wò àṣìṣe tí ó wà lábẹ́ Kernel hacking nínú menuconfig, nítorí pé ó lè jẹ́ kí fódà náà gba gígábáìtì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí ènìyàn yọ kernel àtijọ́ kúrò kí ó tó rí i pé tuntun ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń tan laptop, ẹ di Shift mú tàbí kí ẹ tẹ Esc, àkójọ GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ yóò fi tàn, yóò jáde, ẹ ó sì rí àtijọ́ náà lábẹ́ Advanced options. Kí orúkọ méjèèjì má baà dàrú, ẹ fi orúkọ tiyín sí CONFIG_LOCALVERSION, irú "-ikorodu", kí ẹ tó kọ́ńpáìlì.

Ọ̀pọ̀ a máa tẹ sudo make install, wọn a sì gbàgbé sudo make modules_install, tí ó ń gbé àwọn dráífà wọlé, tí ó sì yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, ìlà kan ni yóò dúró sójú wọn: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0). Ohun tí ó ń sọ ni pé kernel kò rí dráífà tí yóò fi ka dísíìkì. Dísíìkì kò bàjẹ́, fáìlì yín kò sọnù. Ẹ padà sí kernel àtijọ́, ẹ tẹ àwọn àṣẹ náà létòlétò. Èrò tèmi ni pé kí olùbẹ̀rẹ̀ lórí Ubuntu àti Debian má tilẹ̀ lo make install. Make bindeb-pkg yóò di kernel náà sínú fáìlì .deb, pẹ̀lú headers rẹ̀. Ẹ ó fi dpkg -i gbé e wọlé, bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, apt yóò yọ ọ́ kúrò láìṣẹ́ ku.

Ẹ yẹ àyè tí ó kù ní /boot, ibi tí kernel ń gbé, wò pẹ̀lú df -h, nítorí pé bí ó bá kún ní àárín iṣẹ́, kernel tí kò pé ni yóò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ẹ rí bad shim signature, Secure Boot, ààbò tí ó ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, ni ó kọ kernel tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù; ẹ pa á nínú BIOS (ibi ìṣètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀), tàbí kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ tiyín buwọ́ lù ú. Dráífà Wi-Fi tí ó wá láti ìta pẹ̀lú yóò nílò kí a tún un ṣe fún kernel tuntun náà, nítorí náà ẹ ní okùn USB fóònù nítòsí kí ẹ lè fi rí íntánẹ́ẹ̀tì lò.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn a máa rò pé apt upgrade yóò máa tọ́jú kernel náà fún wọn. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé àtúnṣe ààbò jáde fún 6.12, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò lọ gba ẹ̀dà tuntun, tí ẹ ó da .config ti tẹ́lẹ̀ kọ sínú rẹ̀, tí ẹ ó tẹ make olddefconfig, tí ẹ ó sì tún un kọ́ńpáìlì. Bí ẹ bá fẹ́ lo patch, ìyẹn fáìlì kékeré tí ó ní àwọn àyípadà nìkan, dípò kí ẹ gba odindi fáìlì, ẹ rántí pé patch-6.12.5 kò ṣeé fi lé 6.12.4 lórí: 6.12 tí kò tíì ní àtúnṣe kankan ni wọ́n ṣe é fún.